Nígbà Tí Aládùúgbò Bá Ti Bodè Ọjà: Agbára Tí Ó Wà Nínú Ìwé Àdéhùn Òwò

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú yín lónìí jẹ mọ́ ìwé àdéhùn òwò tí orílẹ̀-èdè kan ń bá òmíràn ṣe, àti ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ bá dédé kọ̀ láti bá ná ọjà mọ́. Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, yóò dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá tí ń jókòó yí tábìlì ká ní Àbújá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Ṣómólú tàbí Bàríga ní ìparí ọdún 2019 mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ìkòkò ọbẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Kò kọ́kọ́ yé àwọn ènìyàn bí ọ̀rọ̀ náà yóò ti le tó. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá, Ajagunfẹ̀yìntì Hameed Ali, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn aṣọ́bodè nígbà náà, là á mọ́lẹ̀ pé ọjà kankan kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé tàbí jáde mọ́, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ èyí tí òfin gbà láàyè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́rìndínlógún kí a tó tún ṣí i.

Iye owó ìrẹsì gòkè. Tọ́kì tí àwọn ìyàwó ilé ń rà fún ọdún di ohun tí à ń wò lójú. Èyí ni gbogbo ènìyàn rí. Ṣùgbọ́n ìpalára kan wà tí ojú kò tètè tó. Ìlú àwọn atẹ̀wé ni Ṣómólú. Láti òpópónà Bájùláyé dé àwọn ẹsẹ̀kùlé tí ó yí i ká, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dákẹ́. Ibẹ̀ ni a ti ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé, àti páálí tí a fi ń di ọjà. Kí a fi ọkàn wo atẹ̀wé kan níbẹ̀ tí ó gba iṣẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ fún oníbàárà ní Kútọnú. Ó ti ra bébà, ó ti san owó yíǹkì, ó ti sanwó fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọjà ti di, ọkọ̀ ti dé, a wá sọ fún un pé bodè ti tì. Kò jí ohunkóhun gbé, kò ṣe fàyàwọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ọjà rẹ̀. Ta ni kí ó ké pè?

Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ dáhùn.

Orílẹ̀-èdè méjì lè jà láìta ọfà. Ọ̀kan nínú wọn lè sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ra ọjà èkejì. Ó lè ti bodè. Ó lè kọ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfurufú èkejì kọjá ní sàkáání rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀. Bí abúlé bá fẹ́ fi ìyà jẹ ẹnì kan láìlù ú, wọn a ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà fún un, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọmọdé má sì ṣe fọnná lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹni náà yóò fi wá bẹ̀bẹ̀, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ìlú.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà, ìyẹn ni ẹgbẹ́. Obìnrin tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ọjà, tí ó ń san owó ẹgbẹ́ rẹ̀ déédéé, bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé àpótí dí i lọ́nà, ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni yóò gbà lọ. Kì í ṣe pé ó lágbára ju ẹni tí ó dí i lọ́nà. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ti gba òfin kan náà. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kò ní ibi tí yóò gbà, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àwọn orílẹ̀-èdè rí. Ìwé àdéhùn òwò dàbí okùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ so mọ́ ìbàdí: bí ọ̀kan bá fẹ́ yà sí igbó, àwọn tí ó kù lè fà á. Ṣùgbọ́n okùn kì í dá fa ara rẹ̀.

Okùn tí ó so Nàìjíríà mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Èkó níbí ni a ti lọ́ ọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 15 tọwọ́ bọ ìwé ní ìlú Èkó láti dá ECOWAS sílẹ̀, èyí tí í ṣe àjọ ìṣọ̀kan ọrọ̀-ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1993, Kútọnú ni wọ́n ti ṣe é. Ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó gba Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀ lọ ni ó so ìlú tí a ti bí àdéhùn náà mọ́ ìlú tí a ti tún un ṣe. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni a gbé igi dí.

Àwọn ohun mìíràn tún wà tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà ya ènìyàn lẹ́nu. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon ti Bẹ̀nẹ̀ jọ ṣí ilé bodè àjọlò ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, kí àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè méjèèjì lè máa yẹ ọjà wò ní ojú kan. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2019, ní ìlú Niamey, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ tọwọ́ bọ Àdéhùn Òwò Ọ̀fẹ́ ti gbogbo Áfíríkà ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn èyí ni bodè tì. Àwọn àgbàlagbà tilẹ̀ rántí pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́: ní ọdún 1984, nígbà tí Buhari kan náà jẹ́ olórí ìjọba ológun, a ti bodè orí ilẹ̀, ọdún 1986 ni a tó ṣí i, nígbà tí òun kò sí lórí oyè mọ́.

Kò yẹ kí a dá ìjọba lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìrẹsì tí ń wọ èbúté Kútọnú láti Thailand àti Íńdíà pọ̀ ju ohun tí ẹnu àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ lè jẹ lọ. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ibi tí èyí tí ó ṣẹ́kù ń lọ. Láti ọdún 2016 ni Nàìjíríà sì ti kà á léèwọ̀ kí ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè gba orí ilẹ̀ wọlé. Epo bẹntiróòlù tí ìjọba fi owó ìlú dín iye rẹ̀ kù nígbà náà ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Àdéhùn ECOWAS kò dáàbò bo fàyàwọ́. Ọjà tí a ṣe tàbí tí a gbìn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ń sọ, kì í ṣe ìrẹsì Thailand tí ó kàn sùn mọ́jú ní Kútọnú. Ẹ̀bi kan ni ó wà níbẹ̀: bí a bá torí olè kan ti ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò pa, olè mọ ọ̀nà fèrèsé, ẹni tí kò jalè ni ilẹ̀kùn há mọ́ inú ilé.

Ǹjẹ́ ẹnì kan ti fa okùn yìí rí nítorí bodè Sẹ̀mẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìtàn rẹ̀ sì yẹ kí gbogbo ọlọ́jà mọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ní àsìkò Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, Nàìjíríà ti bodè rẹ̀ pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé àwọn adigunjalè tí ń jí ọkọ̀ gbé ní Nàìjíríà ń fi ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe ibi ìsádi, àti pé fàyàwọ́ ti pọ̀ jù. Kò pẹ́ tí Ààrẹ Mathieu Kérékou fi wá bá Ọbásanjọ́ ní Àgbádárìgì, tí àwọn méjèèjì sì jọ fi ẹnu kò. Bodè ṣí. Lójú àwọn ìjọba, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọjọ́ díẹ̀ yẹn, òwò ti gbé ọmọ Nàìjíríà kan dìde láti lọ sí Bẹ̀nẹ̀, ó sì bá bodè ní títì. Ẹlòmíràn ì bá fọwọ́ lérán, kí ó padà sílé, kí ó máa ṣépè. Oníṣòwò yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá lọ, ó sì pe Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà lẹ́jọ́. Ó ní ìwé tí Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ sọ pé kí ènìyàn àti ọjà máa kọjá fàlàlà, àti pé ìjọba tí ó dá bodè tì ti yẹ àdéhùn. Láti ọdún 1991 ni àwọn olórí ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé-ẹjọ́ náà yóò wà, ọdún 2001 ni àwọn adájọ́ rẹ̀ tó jókòó, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbọ́ ẹjọ́ kankan. Ti oníṣòwò yìí ni àkọ́kọ́.

Ìjọba kò kọ́kọ́ dúró jiyàn bóyá títi bodè dára tàbí kò dára. Ó ní oníṣòwò náà kò ní ẹ̀tọ́ láti dúró níwájú ilé-ẹjọ́ yẹn rárá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2004, àwọn adájọ́ gbà pé òótọ́ ni. Ìwé ọdún 1991 kò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti gbé ẹjọ́ wá, orílẹ̀-èdè ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí! Kí oníṣòwò Nàìjíríà tó lè pe Nàìjíríà lẹ́jọ́, Nàìjíríà ni yóò bá a pe Nàìjíríà.

Bí ó ti pàdánù nìyẹn. Síbẹ̀, ìdájọ́ náà ta àwọn adájọ́ àti àwọn agbẹjọ́rò lólobó pé ilé-ẹjọ́ tí ará ìlú kò lè dé kò yàtọ̀ sí ilé tí kò ní àkàbà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2005, àwọn olórí ECOWAS tọwọ́ bọ àfikún òfin tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni tí orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Kò pọn dandan kí ó kọ́kọ́ rìn yí gbogbo ilé-ẹjọ́ ilé ká. Ọ̀nà tí ọkùnrin yìí lù tí kò ṣí fún un, ó ṣí fún àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Kí a má tan ara wa jẹ. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni òfin yẹn dárúkọ, kò dárúkọ èrè ọjà tí ó sọnù. Atẹ̀wé tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́ sí Sẹ̀mẹ̀ yóò ní láti fi hàn pé ohun ìní òun ni a tẹ̀ lójú tàbí pé ẹ̀tọ́ òun láti rìn ni a dí, kí ó tó lè dúró. Púpọ̀ nínú ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ náà ni àwọn ìjọba sì gbọ́ tí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Apá okùn tí ó nípọn jù wà lọ́wọ́ ìjọba sí ìjọba.

Bí orílẹ̀-èdè kékeré ṣe lè fa apá yẹn, Kàtárì fi han ayé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Saudi Arébíà, Bahrain, Íjíbítì àti ìṣọ̀kan àwọn ọba Lárúbáwá tí Dubai wà nínú rẹ̀ já okùn àjọṣe wọn pẹ̀lú Kàtárì. Saudi ti bodè orí ilẹ̀ kan ṣoṣo tí Kàtárì ní, èyí tí púpọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ ń gbà wọlé. Kàtárì àti àwọn wọ̀nyí jọ wà nínú Àjọ Òwò Àgbáyé tí ilé rẹ̀ wà ní Geneva. Kò tó oṣù méjì, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ó gbé ìwé ẹ̀sùn dé ibẹ̀ lòdì sí mẹ́ta nínú wọn. Àwọn náà fèsì pé ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni, pé òfin àjọ náà sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti dáàbò bo ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé abala bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin náà. Nínú ẹjọ́ mìíràn tí Kàtárì pe Saudi nítorí àwọn tí ń jí àwòrán eré bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbé sáfẹ́fẹ́, ìdájọ́ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2020 pé abala ààbò gba Saudi sílẹ̀ nínú apá kan ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n kò gbà á sílẹ̀ nínú kíkọ̀ tí ó kọ̀ láti fi òfin mú àwọn olè wọ̀nyẹn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni wọ́n parí ìjà ní Al-Ula.

Kì í ṣe ẹjọ́ nìkan ni ó ṣí bodè fún Kàtárì. Olówó ni, ó rí oúnjẹ rà ní Túrkì àti Íránì. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀ di ohun tí ó lè fi ná ọjà àlàáfíà: nígbà tí wọ́n bá a rẹ́, òun náà dá ẹjọ́ rẹ̀ dúró.

Nàìjíríà wà nínú Àjọ Òwò Àgbáyé láti ọdún 1995, Bẹ̀nẹ̀ sì wọlé ní ọdún 1996. Nígbà tí bodè Sẹ̀mẹ̀ tì, Bẹ̀nẹ̀ kò pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ilé kejì ń ra ọjà rẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹjọ́ ba oníbàárà jẹ́. Bí ó bá sì dé iwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ ìrẹsì Thailand yóò jáde síta. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ tán kì í lè fa okùn gírígírí.

Ní Gánà, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Àwọn ọkọ̀ ẹrù tí ń ti Gánà bọ̀ há sí Sẹ̀mẹ̀. Àwọn oníṣòwò Gánà bínú, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra àti ní àwọn ìlú mìíràn. Wọ́n di òfin ọdún 2013 kan mú, tí ó ní kí àjèjì tí yóò ṣòwò rírà àti títà ní mílíọ̀nù kan owó dọ́là. Nàìjíríà kò gbà. Ó ní ọmọ ECOWAS kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ ECOWAS, ìwé àdéhùn sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà tí ó jẹ́ Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin nígbà náà lọ sí Gánà nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ rí i bí ó ti rí: Nàìjíríà tí ó ti bodè ní Sẹ̀mẹ̀ ni ó tún ń fa okùn ECOWAS ní Accra kí a lè ṣí ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ rẹ̀. Okùn kan náà ni. Ẹni tí ó bá sì fi ọ̀bẹ ha á ní ìhín kò lè retí kí ó yi ní ọ̀hún.

Bí bodè ṣe ṣí, ẹ fi etí sí àwọn ọjọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn mínísítà Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Nìjẹ̀r ṣe ìpàdé ní Àbújá, wọ́n sì gbà pé kí àwọn aṣọ́bodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ máa ṣọ́nà. Bodè kò ṣí lórí ìyẹn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà Nàìjíríà fi àṣẹ sí Àdéhùn Òwò Ọ̀fẹ́ ti Áfíríkà, a sì fi ìwé àṣẹ náà lé àjọ lọ́wọ́ ní oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, Zainab Ahmed, kéde pé kí a ṣí bodè mẹ́rin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Sẹ̀mẹ̀ sì wà nínú wọn. Ó ní kí ìyókù ṣí kí oṣù tó parí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni òwò lábẹ́ àdéhùn tuntun náà bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè búra pé àdéhùn ni ó ṣí bodè. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ènìyàn wọ aṣọ ìgbéyàwó tán kí ó tún máa ti ilẹ̀kùn mọ́ àna.

Àkókò tí okùn yìí lágbára jù lọ tilẹ̀ ni ìgbà tí ẹnì kan bá ṣì ń kan ilẹ̀kùn ẹgbẹ́. Láti ọdún 1993 ni Saudi Arébíà ti ń bẹ̀bẹ̀ láti wọ ẹgbẹ́ òwò àgbáyé, ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2005 ni wọ́n tó gbà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ti kọ̀ láti bá Ísírẹ́lì ṣòwò, wọ́n sì ń kọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bá a ṣòwò pẹ̀lú. Ísírẹ́lì ti wà nínú ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1995. Òfin gba ẹni tí ń wọlé láyè láti kéde pé àdéhùn náà kò ní sí láàrin òun àti ọmọ ẹgbẹ́ báyìí. Amẹ́ríkà tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kíkọ ọjà yìí, Saudi sì wọlé láìkéde bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Bahrain ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí ń mójú tó kíkọ ọjà Ísírẹ́lì pa, kí ó lè rí àdéhùn òwò gbà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, kíkọ ọjà náà kò parí lọ́jọ́ kan. Bí àlejò bá ti wọlé tán, tí ó ti jókòó, ohun tí onílé lè fi ná an kò pọ̀ mọ́.

Okùn kan náà lè fún ènìyàn lọ́rùn pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Málì àti ní Nìjẹ̀r, ECOWAS fúnra rẹ̀ ni ó dí ọ̀nà òwò mọ́ wọn, Málì ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Nìjẹ̀r ní oṣù Keje ọdún 2023. Málì wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn, ti àwọn tí ń ná owó sẹ́fà, ilé-ẹjọ́ ẹgbẹ́ yẹn sì pàṣẹ ní oṣù Kẹta ọdún 2022 pé kí ẹgbẹ́ náà dá ìyà tirẹ̀ dúró. Nìjẹ̀r gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ sí Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS, kò rí ojú rere gbà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nítorí àwọn adájọ́ ní ìjọba tí ó fi ìbọn dé orí oyè kò ní ẹ̀tọ́ láti wá síwájú wọn. A mú púpọ̀ nínú ìyà náà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024, ṣùgbọ́n Nìjẹ̀r, Málì àti Burkina Faso ti kéde pé àwọn ń lọ, wọ́n sì jáde pátápátá ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ECOWAS sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó kù pé kí wọ́n ṣì máa gba ọjà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ti tẹ́lẹ̀ títí a ó fi pinnu ohun mìíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àlùbọ́sà Nìjẹ̀r wà nínú ohun tí àwọn ará Bàríga ń rà ní Mile 12.

Ní ti atẹ̀wé Ṣómólú tí a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, okùn rẹ̀ wà nínú ìwé. Ètò ECOWAS fún òwò láìsan owó-bodè wà láti ọdún 1979 fún ohun oko àti iṣẹ́ ọwọ́, ó sì kan ọjà ilé-iṣẹ́ láti ọdún 1990. Iṣu, ẹja yíyan láti etí ọ̀sà Bàríga, ẹní àti apẹ̀rẹ̀ kò nílò ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti wá. Ọjà ilé-iṣẹ́ nílò rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjà náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé rò pé nítorí bébà wọn ti òkè òkun wá, kò sí tiwọn nínú ètò yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ dandan. Bí bébà aláìníǹkan tí a kó wọlé bá di ìwé àkọsílẹ̀ tí a gé, tí a tẹ ìlà sí, tí a sì dì, ó ti di ọjà mìíràn nínú ìwé àwọn aṣọ́bodè, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí òfin ń wò. Ohun mìíràn tí ó ń wò ni iye tí iṣẹ́ ọwọ́ wa fi kún ọjà náà: ó gbọ́dọ̀ tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ọjà náà tó bí ó ti ń kúrò ní ilé-iṣẹ́. Atẹ̀wé tí kò ní àkọsílẹ̀ iye tí ó ra bébà àti iye tí ó san fún òṣìṣẹ́ kò ní lè fi èyí hàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

NACCIMA, ìyẹn àjọ àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò àti ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà, ni ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí náà. Ẹgbẹ́ atẹ̀wé àdúgbò kan lè rán akọ̀wé rẹ̀ lọ béèrè ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí olúkúlùkù má bàa máa dá owó ọkọ̀ san. Bí ọjà tí ó ní ìwé yìí bá sì há ní Sẹ̀mẹ̀, kí ẹni tí ó ni ín má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà, kí ó má sì ṣe fi owó sí abẹ́ ìwé. Kí ó béèrè ìdí tí a fi dá a dúró ní kíkọ sílẹ̀, kí ọjọ́, wákàtí àti ibi iṣẹ́ ẹni tí ó dá a dúró wà nínú rẹ̀. Kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí èkejì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.